Àparò Kan, Ẹyẹ Méjì

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni a fẹ́ yẹ̀ wò lónìí. Ẹ mú ìwé àti bírò yín, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: àparò. Ẹ má gbàgbé àmì orí rẹ̀: à, àmì ìsàlẹ̀, pa, kò ní àmì, rò, àmì ìsàlẹ̀.

Gbogbo wa la mọ àparò. Òun ni í máa hú àgbàdo àti ẹ̀pà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn. Àwọn àgbà ní, «Àparò kan kò ga ju ọ̀kan lọ, àfi èyí tó bá gun orí ebè.» Ṣùgbọ́n ẹyẹ mìíràn wà tí a tún ń fi orúkọ yìí pè. Ẹni tí kò bá mọ̀ lè pàdánù owó rẹ̀.

Ẹ gbọ́ bó ṣe ṣe àgbẹ̀ kan ní abúlé wa. Ó lọ sí ọjà ìlú, ó rí ẹyin wínníwínní nínú páálí. Wọ́n kọ œufs de caille sí ara páálí náà. Bàbá ti kọ́ ìwé kíkà, ó ka lẹ́tà náà tán, ṣùgbọ́n kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ó bi ọmọ ilé-ìwé kan léèrè. Ọmọ náà ní, «Bàbá, ẹyin àparò ni.» Inú bàbá dùn. Ó ra ẹyin 30, ó gbé e sábẹ́ adìẹ tó ń sàba. Ọjọ́ 21 pé, ẹyọ kan kò pa. Owó lọ, ẹyin bàjẹ́, ìsàba adìẹ náà sì já sí asán.

Ọmọ náà kò purọ́. Àparò ni a ń pe caille ní èdè wa, nítorí pé ó jọ àparò oko. Ṣùgbọ́n kò tó àparò oko rárá. Àtẹ́lẹwọ́ lè gbé e. Èyí tí wọ́n ń sìn nínú àgò, láti ilẹ̀ Japan ni irú rẹ̀ ti wá. Ẹyin rẹ̀ ní àbàwọ́n dúdúdúdú lára, ó sì wọn bí gíráàmù 10. Bí ọjọ́ 17 ni ó fi ń pa. Abo rẹ̀ kì í sábà sàba fúnra rẹ̀. Bákan náà, ẹyin tí wọ́n ń tà fún jíjẹ, lọ́pọ̀ ìgbà, kò sí akọ láàrin àwọn abo tó yé e. Irú ẹyin bẹ́ẹ̀ kò lè pa láéláé, bí adìẹ tilẹ̀ sàba lé e fún oṣù kan.

Níbo ni orúkọ caille ti wá? Láti inú igbe ẹyẹ náà ni, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ti fi igbe kowéè sọ ọ́ lórúkọ. Láti ọwọ́ àwọn Faransé ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti gba orúkọ náà, wọ́n ń kọ ọ́ ní quail. Gẹ̀ẹ́sì tún ní quail mìíràn, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kí ẹ̀rù mú ènìyàn kí ó sì fà sẹ́yìn. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹyẹ. Ní èdè Faransé náà, ẹ ṣọ́ra: lait caillé ni wàrà tó dì. Caillé àti caille jọra lójú, ṣùgbọ́n àmì kékeré orí é ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹ rí i pé kì í ṣe Yorùbá nìkan ni àmì ń ṣe iṣẹ́ fún.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka Bíbélì, àparò tó bo ibùdó Ísírẹ́lì nínú Ẹ́kísódù orí 16, caille yìí ni. Ẹ̀yin Mùsùlùmí, òun náà ni salwā inú Kùránì, súrà kejì, ẹsẹ 57. Àparò oko wa kì í rìn jìnnà. Ṣùgbọ́n caille inú igbó a máa fò kọjá òkun láti ilẹ̀ Òyìnbó wá sí Áfíríkà, a sì máa gba aṣálẹ̀ Sínáì kọjá. Bó bá rẹ̀ ẹ́, a balẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ wa, kíka lẹ́tà dára, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ ni èrè rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ sin ẹyẹ yìí, ẹ bi ẹni tó ń tà á: «Ṣé akọ wà láàrin àwọn abo tó yé ẹyin yìí?» Ìbéèrè kan yìí ì bá gba bàbá wa là.

Iṣẹ́ yín rèé: ẹ kọ orúkọ ẹyẹ mẹ́ta tí ẹ mọ̀, kí ẹ fi àmì sí i. Lẹ́yìn náà, ẹ kà á sókè fún aládùúgbò yín. Ó dìgbà mìíràn o.