Ibà Tí Ń Mú Ẹ̀dọ̀ Aboyún



Bí ẹyinjú ènìyàn bá pọ́n bí ìyeyè, tí ìtọ̀ rẹ̀ sì dúdú, ibà pọ́njú ni a máa ń pè é. Ṣùgbọ́n ohun tí ń mú ẹ̀dọ̀ wú kì í ṣe ẹyọ kan. Ti hepatitis B ni ó wọ́pọ̀ jù lọ́dọ̀ wa. Abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ wà fún ọmọ tuntun.

Ẹbí kòkòrò àìlèfojúrí mìíràn wà tí a ń pè ní herpes. Ọ̀kan nínú wọn ni Epstein, Achong àti Barr rí ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1964, nínú kókó tí a mú wá láti Uganda. Ọ̀pọ̀ wa ti kó o láti kékeré. Bí ó bá wú ẹ̀dọ̀, a sábà máa lọ fúnra rẹ̀.

Èyí tí ń sú ìléròrò sí ètè àti ojú ara ni kí a bẹ̀rù. Kì í sábà dé ẹ̀dọ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá dé ẹ̀dọ̀ aboyún tí oyún rẹ̀ ti dàgbà, ó lè pa á láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ẹ̀tàn rẹ̀ ni pé ojú lè má pọ́n, ìléròrò sì lè má hàn: ibà líle, èébì àti ìrora lábẹ́ ìhà ọ̀tún nìkan ni. Kò ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, ṣùgbọ́n oògùn acyclovir ń ràn án lọ́wọ́ bí a bá tètè fà á sí i ní iṣan.

Nítorí náà, aboyún tí ibà bá mú, ẹ má dúró de ojú pípọ́n. Ẹ gbé e lọ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ìbáà di ilé ìwòsàn ńlá Yunifásítì ní Ìlọrin. Mo mọ̀ pé owó ọkọ̀ wọ́n. Ẹ sọ gbogbo àgbo àti parasitamó tí ó ti lò fún dókítà.