Ẹ Jẹ́ Kí A Wo Ilé Sípéà Kí A Tó Wo Katakata

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé ẹ̀ka wa ní Ọ̀wọ̀)



Gbogbo wa la mọ̀ pé owó tí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa ń kó jọ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ra katakata kan tí yóò máa túlẹ̀ fún oko àwọn ọmọ ẹgbẹ́ lọ́nà Ìfọ́n àti Ìdóànì. Láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà ti jáde ni àríyànjiyàn kò ti tán láàárín wa. Àwọn kan ní Massey Ferguson ni, àwọn kan ní John Deere, àwọn ọ̀dọ́ inú wa sì ti rí àwòrán Mahindra tó wù wọ́n. Agbára ẹ́ńjìnnì ni wọ́n ń kà, ọ̀dà ara rẹ̀ ni wọ́n ń wò. A kò tíì gbọ́ kí ẹnì kan béèrè pé, bí ó bá dákú ní oṣù kẹrin, ta ni yóò tún un ṣe, níbo ni sípéà rẹ̀ sì wà?

Ojú wa ti rí i rí. Ní ọdún 2016, àwa mélòó kan dá owó pọ̀ mọ́ àwọn àgbẹ̀ kan lápá Ìfọ́n, a ra katakata tuntun. Ẹ má bi wá léèrè orúkọ ẹni tó tà á. Owó rẹ̀ kéré sí ti àwọn yòókù, ó sì ń dán bí agogo. Ọdún kìíní lọ dáadáa. Ní ọdún kejì, òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀, àgbàdo àti iṣu ń dúró de ilẹ̀, ni irin ìtúlẹ̀ bá kọ̀ tí kò gbé sókè mọ́. Ọ́ìlì síìlì kan tí kò ju òrùka ọwọ́ lọ ló ti jẹ nínú páǹpù. A lọ sí Èkó bá ẹni tó tà á. Ọ́fíìsì kan ṣoṣo ló ní, tábìlì mẹ́ta àti kàlẹ́ńdà ló wà níbẹ̀, kò sí sípéà. Wọ́n ní ọkọ̀ ojú omi ń gbé e bọ̀. Oṣù keje ni síìlì náà dé. A ti dá owó àsansílẹ̀ àwọn àgbẹ̀ padà nígbà náà. Awakọ̀ wa, tó jẹ́ pé iye ilẹ̀ tó bá tú la fi ń sanwó fún un, ti lọ ń gun ọ̀kadà kí àwọn ọmọ rẹ̀ lè jẹun. Mẹkáníìkì wa ni gbogbo ènìyàn ń bú, bẹ́ẹ̀ ni kò mọwọ́ kò mẹsẹ̀.

Ní oko tó kángun sí tiwa, Massey Ferguson 135 kan wà tí wọ́n ti tún kùn lẹ́ẹ̀mejì. Ní àsìkò yẹn gan-an ni kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ jẹ. Wọ́n lọ sí Àkúrẹ́ láàárọ̀, ní ọjọ́ kejì ó ti wà lẹ́nu iṣẹ́. Ọdún 1964 ni irú katakata yìí jáde ní Coventry nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì Perkins oní-sílíńdà mẹ́ta. Ilé iṣẹ́ tó ṣe é níbẹ̀ ti kógbá sílé láti 2003. Ṣùgbọ́n TAFE ní Íńdíà àti Millat ní Pakistan ti ń ṣe ìdílé kan náà fún ọ̀pọ̀ ọdún, nítorí náà sípéà rẹ̀ kò tán lọ́jà.

Ẹ̀yin awakọ̀ mọ èyí jù wá lọ. Nígbà tí Peugeot 504 ń jọba lójú ọ̀nà wa, kì í ṣe pé kò sí ọkọ̀ tó lágbára jù ú. Láti 1975 ni wọ́n ti ń to Peugeot pọ̀ ní Kàdúná, kò sì sí ibi tí ó ti lè dákú tí ẹ kò ní rí ẹni tó mọ inú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní Nebraska, ní Amẹ́ríkà, àgbẹ̀ kan tó tún jẹ́ aṣòfin, Wilmot Crozier, ra katakata tí kò ṣiṣẹ́ bí wọ́n ti pọ́n ọn tó. Ní 1919 wọ́n ṣe òfin níbẹ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ta katakata tí a kò dán wò, àti pé ilé iṣẹ́ tó bá ń tà á gbọ́dọ̀ ní ibi ìtúnṣe tó ní sípéà nínú ìpínlẹ̀ náà. Lónìí, kọ̀ǹpútà inú katakata ló dá ìjà mìíràn sílẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà gbé John Deere lọ sí ilé ẹjọ́, wọ́n ní ó ń dí àgbẹ̀ àti mẹkáníìkì lọ́wọ́ láti tún ẹ̀rọ ara wọn ṣe. Nítorí náà, ẹ béèrè bóyá mẹkáníìkì tiwa lè tú èyí tí ẹ bá fẹ́ rà.

Ìjọba tiwa náà, ní oṣù kẹfà ọdún 2025, ṣí 2,000 katakata tó ti Belarus wá ní Àbújá, pẹ̀lú sípéà àti ọkọ̀ ìtúnṣe. Ó dára. Ṣùgbọ́n Àbújá kò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọ̀wọ̀.

Ẹnì kan sọ níjọ́sí pé èyí tí sípéà rẹ̀ bá pọ̀ lọ́jà ni ayédèrú rẹ̀ ń pọ̀. Òótọ́ ni. Ìdí nìyẹn tí a fi fẹ́ aṣojú gidi tí yóò fún wa ní rìsíìtì. Ẹ̀bi tiwa náà sì wà níbẹ̀: àwọn kan nínú wa kì í pààrọ̀ epo ẹ́ńjìnnì títí yóò fi dúdú bí ọ̀dà.

Àwọn mẹ́ta tí ẹ yàn yóò lọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Kí wọ́n má dúró níwájú katakata. Kí wọ́n wọ yàrá sípéà, kí wọ́n béèrè fún fílítà, nọ́súlù, síìlì páǹpù àti kílọ́ọ̀ṣì, kí wọ́n fojú rí wọn. Kí wọ́n béèrè ọjọ́ mélòó ni mẹkáníìkì wọn yóò fi dé Ìfọ́n, ta ni yóò san owó ọkọ̀ rẹ̀, ta ni yóò sì kọ́ awakọ̀ wa. Kí wọ́n gba orúkọ ẹni méjì tó ti rà á ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, kí wọ́n lọ bá wọn lóko. Ìwé tí aṣojú náà bá fọwọ́ sí ni a ó kà ní ìpàdé tó ń bọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má san kọ́bọ̀ ṣáájú ìgbà náà.