Owó Ìsìnkú Wà, Owó Ìwádìí Ńkọ́?

Ọ̀rọ̀ tí akọ̀wé bá ìpàdé ẹgbẹ́ sọ ní New Haven, Enugu



Ọ̀rọ̀ tó wúwo la gbé wá: ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀dọ́ tó ń fọwọ́ ara wọn pa ara wọn. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ní 2021, ó lé ní 720,000 ènìyàn tó kú irú ikú bẹ́ẹ̀. Láàárín àwọn ọmọ ọdún 15 sí 29, òun ló ṣe ìkẹta nínú ohun tó ń pa wọ́n jù.

Wọ́n ní owó kò sí láti fi wádìí rẹ̀. Owó wà. TETFund, tí òfin 2011 gbé kalẹ̀, ń fún àwọn olùkọ́ yunifásítì ìjọba lówó ìwádìí. American Foundation for Suicide Prevention, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1987, ń gba ìwé ìbéèrè láti ilẹ̀ òkèèrè. Àwọn oníṣègùn náà kò jìnnà: ilé-ìwòsàn ọpọlọ ti ìjọba àpapọ̀ wà ní New Haven wa níbí.

Ṣùgbọ́n àwa oníṣòwò mọ̀ pé ẹni tí kò ní ìwé ìṣirò kì í rí owó yá. Àwọn tó ń fúnni lówó ìwádìí a máa béèrè pé: mélòó ló kú? Kí ló ṣe wọ́n? Ṣé àwọn ará àdúgbò yóò dáhùn? Àwa sì ń bò ó mọ́lẹ̀. Bí ọmọ bá kú, a ó ní ibà ni. Ìtìjú wà níbẹ̀, ẹ̀rù òfin sì wà, nítorí òfin tí ìjọba òyìnbó fi lélẹ̀ ka ẹni tó gbìyànjú rẹ̀ tí kò kú sí arúfin. Bí ọmọ bá sì fìdí rẹmi nínú ìdánwò, àwa kan náà la ń sọ pé ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Ọmọ ń gbọ́ o.

Ìwádìí kì í ṣe òfo. Ní Sri Lanka, bí ìjọba ti fòfin de àwọn oògùn apakòkòrò tó lóró jù, irú ikú yìí dín ju ìdajì lọ lẹ́yìn 1995. Nígbà tí NAFDAC fòfin de ìgò kékeré irú oògùn bẹ́ẹ̀ ní 2019, àwa tí a ń tà á la ráhùn. A ro èrè wa. A kò ro ọmọ tí yóò rà á.

Oṣooṣù la ń dá owó ìsìnkú. Ẹ jẹ́ kí a dá owó tí yóò dènà ikú náà. Èkíní, kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan kọ̀wé sí àwọn olùwádìí pé a ó dá wọn lóhùn, láìdárúkọ òkú. Èkejì, kí a yọ díẹ̀ nínú owó ẹgbẹ́ fún ọmọ wa tó bá ń ṣe irú ìwádìí yìí ní yunifásítì, kó fi wọkọ̀, kó fi tẹ̀wé. Ẹ̀kẹta, ọmọ tó bá ní ayé sú òun, ẹ má bá a wí, ẹ má sì fi í sílẹ̀ lóun nìkan. Ẹ jókòó tì í, kí ẹ mú un lọ sí ilé-ìwòsàn.

Ọmọ kò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ló bímọ. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí àwọn ọmọ wa sin wá. Àmín.