Ọjọ́ Kan Kọ́ Ni A Fi Ń Mọ Olùkọ́

Ẹ sún mọ́ rédíò yín, kí a jọ gbé ọ̀rọ̀ kan yẹ̀ wò.

Ní ìparí sáà tó kọjá, ìyá ọmọ kan wá bá mi ní ilé-ìwé wa ní Yábàá. Ìwé èsì ìdánwò ọmọ rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ tó máa ń gba ipò kejì ti bọ́ sí ipò kẹtàdínlógún. Ó ní, “Tíṣà, ẹni tó ń wá kọ́ ọmọ yìí nílé kò mọṣẹ́. Lọ́la ni mo máa lé e.” Mo ní, “Màmá, ẹ rọra ná. Ọdún mélòó ló ti ń kọ́ ọ?” Ó ní ọdún mẹ́ta. Mo ní, “Sáà mélòó ni èsì fi burú nínú ọdún mẹ́ta náà?” Ó dákẹ́.

Nígbà tí wọ́n ń sá ẹṣin ní Erékùṣù Èkó, ní pápá tí a wá sọ di Tafawa Balewa Square, ẹni tó bá mọ eré ẹṣin kì í wo ẹṣin nìkan. A máa wo ẹni tó ń tọ́ ọ. Ìbéèrè méjì ló wà nípa irú ẹni bẹ́ẹ̀. Kí ló ti ṣe láti ọjọ́ pípẹ́ wá? Báwo ni ọwọ́ rẹ̀ sì ṣe rí lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí? Ẹni tó bá bèèrè ọ̀kan tó gbàgbé èkejì, àṣìṣe ni yóò ṣe.

Ìbéèrè méjèèjì yìí bá olùkọ́ agbábọ́ọ̀lù náà mu. Ní ọdún 1989 ni Clemens Westerhof, ará Họ́láńdì, di olùkọ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà. Ní oṣù Kẹta ọdún 1990, ó kó wọn lọ sí Algeria fún Ife-Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà. Ní eré àkọ́kọ́ gan-an, Algeria fi góòlù 5 sí 1 nà wá! Ẹ̀yin ìbá wà níbẹ̀, kí lẹ ò bá sọ? Ṣùgbọ́n wọn kò lé e. Àwọn ọmọ wa dìde, wọ́n na Íjíbítì, wọ́n na Ivory Coast, wọ́n na Zambia, wọ́n sì dé àṣekágbá, kí Algeria tó fi góòlù kan ṣoṣo borí wọn. Ní ọdún 1992, a gba ipò kẹta. Ní ọdún 1993, Ivory Coast nà wá ní 2 sí 1 ní Abidjan. Nígbà tí wọ́n dé pápá ìṣeré wa ní Sùúrùlérè, a fi 4 sí 1 san án padà. Ní ọdún 1994, a gba ife Áfíríkà, a sì lọ sí Ife-Ẹ̀yẹ Àgbáyé fún ìgbà àkọ́kọ́. Orúkọ àdúgbò yẹn kò purọ́: sùúrù lérè.

Ẹ wá gbọ́ ti Shaibu Amodu, ọmọ ilẹ̀ wa. Ní ọdún 2001, ọ̀nà Ife-Ẹ̀yẹ Àgbáyé ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dí mọ́ wa kí wọ́n tó pè é. Eré mẹ́ta ló kù. A borí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ní ọdún 2002, a gba ipò kẹta ní Áfíríkà, wọ́n sì yọ ọ́. Ẹlòmíràn ló kó wọn lọ sí Ife-Ẹ̀yẹ Àgbáyé. A kò borí ẹnikẹ́ni. Ní ọdún 2008, wọ́n tún pe Amodu. Eré 12 la gbá kí a tó yege: a borí nínú 9, a ta ọ̀mì nínú 3. Ní ọdún 2010, a tún gba ipò kẹta ní Áfíríkà, wọ́n tún yọ ọ́. Lars Lagerbäck, ará Sweden, ló kó wọn lọ sí South Africa. A kò tún borí ẹnikẹ́ni. Amodu kú ní oṣù Kẹfà ọdún 2016. Ẹ̀ẹ̀mejì ló la ọ̀nà, kò rìn ín lẹ́ẹ̀kan.

Ṣé àwọn tó yọ ọ́ kò ní ohun tí wọ́n rí ni? Wọ́n ní. Íjíbítì ti nà wá ní 3 sí 1 nínú ìdíje ọdún 2010 náà. N kò sì ní kí a fi orúkọ àná bo àléébù òní mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ẹ jẹ́ kí a máa wo ẹ̀yìn kí a tó dájọ́.

Èmi àti ìyá ọmọ náà kó gbogbo ìwé èsì kalẹ̀. Sáà mẹ́sàn-án ni, mẹ́jọ dára. A wá bi ọmọ náà léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ ní sáà kan tó kù. Ó ní wọ́n ti gbé ìjókòó òun lọ sẹ́yìn, òun kò sì rí ohun tí wọ́n ń kọ sójú pátákó mọ́. Ojú ló ń dùn ún! Ìyá rẹ̀ kò lé tíṣà náà mọ́. Ọ̀dọ̀ oníṣègùn ojú ni wọ́n gbà lọ.

Ẹ̀yin ọmọ, bí ẹ bá délé lálẹ́ òní, ẹ kó gbogbo ìwé èsì yín jáde, kì í ṣe ti sáà yìí nìkan. Ẹ̀yin òbí, ẹ bá wọn kà á tán kí ẹ tó sọ̀rọ̀. Ó dìgbà kan ná o.