Òjò Nìkan Kọ́ Ló Ń Lé Ènìyàn Kúrò Nílùú
Ọ̀rọ̀ tí Alukoro Ẹgbẹ́ sọ níbi àjọ̀dún ọdún kẹwàá

Ọdún mẹ́wàá kì í ṣe ọjọ́ mẹ́wàá. Ẹlẹ́dàá tó jẹ́ ká rí tòní yóò jẹ́ ká rí ogún ọdún. Àṣẹ.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kan àríyànjiyàn kan tí gbogbo wa mọ̀. Bí a bá ti pàdé, àwọn ará Èkó àti ti òkè òkun á ní àwọn ará ilé kò fẹ́ gbéra. Àwọn ará ilé á ní àwọn tó lọ ti kọ ẹ̀yìn sílé. Lójú tèmi, ìhà méjèèjì kò tíì wo ọ̀rọ̀ náà dé gbòǹgbò.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo oko wa. Láti Fìdítì dé Ìlọràá, láti Awẹ́ dé Jọ́bẹ̀lẹ́, ojú òjò ni àgbẹ̀ ń wò. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀ lóṣù kẹta tàbí ìkẹrin, wọ́n á gbin àgbàdo. Bí òjò náà bá wá dáwọ́ dúró fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, irúgbìn á gbẹ, àgbẹ̀ á tún wá owó ra òmíràn. Bí ọ̀dá oṣù kẹjọ bá pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, ohun ọ̀gbìn ẹlẹ́ẹ̀kejì náà di gbèsè. Ọsàn tí wọ́n ń pàtẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì Fìdítì kò yọ sílẹ̀: ọ̀dá a máa gbọn òdòdó àti ọmọ rẹ̀ dànù. Òjò ò bẹ́nìkan ṣọ̀tá, ẹni eji rí ni eji ń pa. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ẹni tí eji pa ló ní aṣọ mìíràn láti fi pààrọ̀.

Síbẹ̀, ẹ bi ọmọ wa tó ń wa ọ̀kadà nílùú ńlá pé kí ló gbé e dé ibẹ̀. Kò ní dárúkọ òjò. Á ní iṣẹ́ lòun ń wá. Ẹ tún bi í síwájú sí i, ẹ ó gbọ́ nípa oko tí kò méso, gbèsè irúgbìn tí wọn kò rí san, àti owó ilé ẹ̀kọ́ àbúrò. Owó ni òjò máa ń kọ́kọ́ lé jáde nínú ilé, kí ènìyàn tó tẹ̀lé e.

Kíkúrò nílé kì í ṣe tuntun fún wa. Nígbà tí Ọ̀yọ́-Ilé tú ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ọ̀pọ̀ ìdílé sá wá sí ìhà gúúsù níbí. Nígbà tí kòkó di owó, àgbẹ̀ láti Ìbàdàn àti ilẹ̀ Ọ̀yọ́ lọ wá igbó tútù ní ìhà Ifẹ̀ àti Oǹdó. Ọ̀pọ̀ Yorùbá ṣòwò dé Gánà, títí ìjọba Busia fi pàṣẹ ní oṣù kọkànlá ọdún 1969 pé kí àjèjì tí kò níwèé máa lọ. Àwọn tó padà wá bá ilẹ̀kùn tó ṣí, nítorí pé ẹnìkan ti dúró sílé.

Ìlọràá tún kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́ mìíràn. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn ní ọdún 1955, ọ̀pọ̀ ọmọ tó jáde kò sì fẹ́ padà sóko. Ní nǹkan bí ọdún 1960, ìjọba dá àwọn oko sẹ́tìmẹ́ǹtì sílẹ̀, irú èyí tí Olóyè Akin Deko, mínísítà ètò ọ̀gbìn, lọ wò ní Ísírẹ́lì. Ìlọràá wà lára wọn. Wọ́n fún àwọn ọ̀dọ́ nílẹ̀, wọ́n kọ́lé fún wọn, wọ́n yá wọn lówó. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn káàkiri àwọn oko náà kò dúró, nítorí pé èrè pẹ́ kó tó dé. Ilẹ̀ àti ilé nìkan kò tó mú ènìyàn dúró bí àpò bá gbẹ.

Ní ìdà kejì, ẹ wo Ayétòrò ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, ìlú tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1947. Òkun ti gbé ọ̀pọ̀ ilé lọ níbẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn kan ṣì wà níbẹ̀. Apẹja ni wọ́n. Bí wọ́n bá kó lọ sí òkè ilẹ̀, kí ni wọn yóò máa jẹ? Ìjọ wọn ńkọ́? Ibojì àwọn òbí wọn ńkọ́? Ẹni tó dúró lójú ewu kì í ṣe òmùgọ̀. Ó ti ṣírò ohun tí yóò pàdánù.

Ẹni tó yẹ kí àánú rẹ̀ ṣe wá jù ni ẹni tí kò lè dúró dáadáa, tí kò sì ní owó ọkọ̀ àti owó ilé tó lè fi lọ. Báńkì Àgbáyé sọ ní ọdún 2021 pé tí ayé kò bá ṣàtúnṣe, ìyípadà ojú ọjọ́ lè mú kí ènìyàn tó tó mílíọ̀nù 216 ṣí kúrò níbùgbé wọn títí di ọdún 2050, tí mílíọ̀nù 86 nínú wọn lè wá láti ilẹ̀ Áfíríkà ní gúúsù Sàhárà. Inú orílẹ̀-èdè tiwọn ni wọn yóò ti máa ṣí kiri. Ìṣirò yìí kò ka àwọn tí kò rí owó gbéra.

Àwa tí a ń ṣiṣẹ́ báńkì ń rí ohun kan lójoojúmọ́: owó tí ọmọ fi ránṣẹ́ láti Èkó ni bàbá fi ń ra irúgbìn nílé. Ẹni tó lọ ló ń jẹ́ kí ẹni tó wà nílé lè dúró. Ẹni tó dúró ló ń bá ẹni tó lọ tọ́jú ilẹ̀, àwọn àgbà àti orúkọ. Ilé kan náà ni, ẹsẹ̀ méjì ló fi dúró.

Nítorí náà, mo bẹ ẹgbẹ́ yìí pé kí á ṣe nǹkan mẹ́ta nínú owó tí a bá kó jọ lónìí. Ìkíní, ká ya owó irúgbìn sọ́tọ̀, tí àgbẹ̀ tí òjò tàn lè yá láìsí èlé, kó san án lẹ́yìn ìkórè. Ìkejì, lọ́dọọdún ni àjọ tó ń rí sí ojú ọjọ́, NiMet, máa ń sọ ìgbà tí òjò yóò bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tí yóò dá. Ká túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, ká kéde rẹ̀ ní ọjà, mọ́ṣáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì kí a tó gbìn. Ìkẹta, ká ran àwọn àgbẹ̀ lọ́wọ́ láti kó ara wọn jọ, kí wọ́n lè wọ ìbánigbófò ohun ọ̀gbìn tí àjọ NAIC ń ṣe.

Bí aṣọ ẹgbẹ́ ọdún tó ń bọ̀ bá ní láti jẹ́ ànkárá dípò léèsì, a ó ṣì lẹ́wà. Ọmọ tó bá fẹ́ lọ, kí ó lọ nítorí pé ó wù ú. Èyí tó bá fẹ́ dúró, kí ó rí nǹkan dúró tì. Ilé ni àbọ̀ sinmi oko. Kí ilé má bàjẹ́ mọ́ wa lórí o.