Òkúta tí Ń Ṣọ́ Ohun tí Ojú Kò Rí

 

Àwọn àgbà ní, ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kí ni a ó fi ṣọ́ ohun tí ojú kò lè rí?

Ìtànṣán kan wà tí ojú kò rí, tí etí kò gbọ́, tí imú kò sì gbóòórùn rẹ̀. Èyí tí wọ́n fi ń ya àwòrán egungun ní ilé ìwòsàn wà lára wọn. Bí ó bá mọ níwọ̀n, ó ń ṣe wá ní àǹfààní. Bí ó bá pọ̀ jù, ó ń ba ara jẹ́. Nítorí náà, a ní láti wá olùṣọ́ tí yóò máa wọ̀n ọ́n fún wa.

Ọ̀kan nínú àwọn olùṣọ́ náà ni dáyámọ́ǹdì, òkúta iyebíye tí àwọn olówó fi ń ṣe òrùka. Ẹ má rò pé a ń ṣeré o! Ohun tí ó pọ̀ jù nínú èédú tí a fi ń dáná, kábọ́ọ̀nù ni. Òun náà ni dáyámọ́ǹdì. Bí ó ṣe tò ni ó yàtọ̀. Nínú dáyámọ́ǹdì, ó so kọ́ra pinpin.

Àwọn onímọ̀ ń ṣe dáyámọ́ǹdì fúnra wọn, nítorí pé èyí tí wọ́n ń wà nínú ilẹ̀ kì í rí bákan náà. Wọn a da gáàsì tí kábọ́ọ̀nù wà nínú rẹ̀ pọ̀ mọ́ háídírójìn, wọn a mú un gbóná gidigidi. Kábọ́ọ̀nù a máa balẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí èéfín ṣe ń lẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò.

Báwo ni ó ṣe ń ṣọ́nà? Wọn a gé e pẹlẹbẹ, wọn a fi irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo ojú rẹ̀ méjèèjì, wọn a so wáyà iná mànàmáná mọ́ ọn. Dáyámọ́ǹdì kì í jẹ́ kí iná kọjá. Ṣùgbọ́n bí ìtànṣán bá gba inú rẹ̀ kọjá, iná díẹ̀ a sáré kọjá, ẹ̀rọ a sì kà á. Ó dà bí ẹni tí ó kan ilẹ̀kùn lóru: a kò rí i, ṣùgbọ́n a mọ̀ pé ó dé.

Ohun mìíràn tí à ń pè ní sílíkọ́nì lè ṣe iṣẹ́ yìí. Ohùn rẹ̀ tilẹ̀ ròkè ju ti dáyámọ́ǹdì lọ. Ṣùgbọ́n níbi tí ìtànṣán bá ti pọ̀, ó ń tètè bàjẹ́. Dáyámọ́ǹdì ń fara dà á pẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a wo ìlú òyìnbó. Lẹ́bàá Geneva, ní ààlà Switzerland àti Faransé, ilé-iṣẹ́ CERN ní ihò kan lábẹ́ ilẹ̀ tí ó yí po bí òrùka. Kìlómítà 27 ni. Ní 1989 ni wọ́n kọ́kọ́ mú àwọn ègé tín-ín-tín inú átọ́ọ̀mù sáré yí i ká. Bí eré náà bá yà lójú ọ̀nà, ẹ̀rọ olówó ńlá lè bàjẹ́ kí a tó ṣẹ́jú. Ní 1994 ni ẹgbẹ́ kan tí ń jẹ́ RD42 bẹ̀rẹ̀ sí í dán dáyámọ́ǹdì wò níbẹ̀. Nínú ẹ̀rọ ATLAS, wọ́n fi dáyámọ́ǹdì ṣe olùṣọ́. Bí wọ́n bá ké, eré dúró.

Wọ́n ń lò ó ní ilé ìwòsàn pẹ̀lú, níbi tí wọ́n ti ń fi ìtànṣán wo àrùn jẹjẹrẹ. Bí ìtànṣán bá kéré jù, àrùn kò lọ. Bí ó bá pọ̀ jù, ẹran-ara tí ó dára a jóná. Nítorí náà, kí ó tó kan aláìsàn, wọn a gbé dáyámọ́ǹdì kékeré sínú àpótí omi, wọn a tan ẹ̀rọ sí i. Kí ló dé tí ó fi jẹ́ omi? Omi ni ó pọ̀ jù nínú ara wa.

Ẹ̀yin ará, bí dókítà bá ní kí ẹ lọ gba irú ìtọ́jú yìí, ẹ má sá. Ẹ béèrè bí wọ́n ṣe ń wọn ìtànṣán náà. Bí ẹ bá sì rí àmì abẹ̀bẹ̀ mẹ́ta tí ó yí àmì róbótó kan ká lára ilẹ̀kùn, ẹ dúró, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀. Ojú kò rí ìtànṣán, ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ̀wé lè ka ìkìlọ̀.