Kílọ́ọ̀ṣì A.C. Ọkọ̀

Ẹni tí ó bá ti wa ọkọ̀ gba Creek Road ní Apápá lọ́sàn-án mọ ohun tí à ń pè ní súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Ọkọ̀ akẹ́rù àti táńkà epo tí ń lọ sí èbúté Apápá àti ti Tin Can Island, tí wọ́n ṣí ní 1977, ń rọ́ gba ibẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 2021, ìjọba gbé ètò ìpè ọkọ̀ akẹ́rù kalẹ̀ kí wọ́n má baà tò sí títì mọ́.

Bí A.C. bá kú mọ́ ènìyàn lọ́wọ́ nínú irú oòrùn bẹ́ẹ̀, tí ọmọ ọwọ́ sì wà lẹ́yìn ọkọ̀, owó tí wọ́n bá pè ni yóò san. Báyìí ni àwọn mìíràn ṣe ń ra odidi kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ tòkúnbọ̀, nígbà tí ó jẹ́ pé kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ nìkan ni ó ń ṣàìsàn. Bẹ́ẹ̀ àwọn àgbà wí pé orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Kí ni kílọ́ọ̀ṣì yìí? Bẹ́líìtì ń yí púlì iwájú kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ nígbà gbogbo tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n inú kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ kò yí. Bí a bá tẹ A.C., iná bátìrì yóò wọ inú kọ́ìlì, kọ́ìlì yóò di òòfà, yóò sì fa àwo irin iwájú mọ́ púlì, kí gbogbo wọn lè jọ máa yí. Nígbà tí ilé iṣẹ́ Packard ní Amẹ́ríkà fi A.C. sínú ọkọ̀ wọn ti 1940, kò ní kílọ́ọ̀ṣì. Ẹni tí ó bá fẹ́ pa á ní láti ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì kí ó yọ bẹ́líìtì.

Díẹ̀díẹ̀ ni ojú àwo irin náà ń jẹ, tí àlàfo àárín òun àti púlì sì ń fẹ̀. Kọ́ìlì tí ó gbóná kò sì lágbára tó èyí tí ó tutù. Ìdí nìyí tí A.C. fi lè mú dáadáa láàárọ̀, kí ó sì kú láàárín gosilóò.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan, ẹ kọ́kọ́ wo fíúùsì àti rílẹ́è. Bí gáàsì bá ti lọ sílẹ̀ jù, ọkọ̀ fúnra rẹ̀ kò ní jẹ́ kí iná dé kílọ́ọ̀ṣì; iṣẹ́ oní-A.C. nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí iná bá dé ibẹ̀, tí àwo irin kò sì lẹ̀ mọ́ púlì, àlàfo tàbí kọ́ìlì ni ó ní ẹjọ́.

Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ yọ kọ́kọ́rọ́, ẹ tú wáyà bátìrì tí ó jẹ́ ti òdì. Ẹ fi irin pẹlẹbẹ tí mẹkáníìkì fi ń wọn àlàfo wò ó. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, kò yẹ kí ó ju nǹkan bí ìdajì mìlímítà lọ. Ìwé ọkọ̀ yín ni kí ẹ tẹ̀ lé. Bí ó bá ti fẹ̀ jù, ẹ tú nọ́ọ̀tì àárín, ẹ fa àwo irin jáde. Ẹ ó rí wáṣà tín-ín-rín bíi bébà níbẹ̀. Ẹ yọ ọ̀kan, ẹ dá gbogbo rẹ̀ padà, kí ẹ sì tún wọn ọ́n ní ojú mẹ́ta. Bí ẹ bá fi ọwọ́ yí púlì, kò gbọdọ̀ ha àwo irin náà.

Bí kọ́ìlì bá ti jóná, tàbí tí púlì ń kùn, ẹ pe oníṣẹ́. Ẹ má ṣe tú páìpù gáàsì láé. Gáàsì náà lè mú kí ojú àti awọ ara dì bíi yìnyín, ó sì ń ba ojú ọjọ́ ayé jẹ́. Ẹ rántí pẹ̀lú pé àwọn ọkọ̀ tuntun kan wà tí kò ní kílọ́ọ̀ṣì yìí rárá.

Èmi kò sọ pé kí a gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ wa. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó ka owó kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ sílẹ̀ ní ọjà Ládípọ̀, ẹ fi pẹ̀lẹ́tù bi wọ́n pé, “Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ti wọn àlàfo kílọ́ọ̀ṣì?” Ẹni tí ó mọ iṣẹ́ kò ní bínú sí i.